Ìkómọ Aláìfojúrí

Omi kànga Ìyá Ṣàbìtíyù ni, lẹ́yìn Pópó-Ọbà, ní Ẹ̀pẹ́.
Inú ìgò tí mo ti sè ni mo fà á sí
láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó yọ lórí ọ̀sà.
Ó mọ́. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀
tí mo rí ìka ara mi láti òdìkejì ìgò.
Ọmọ mẹ́rin ti yàgbẹ́ gbuuru nínú agbolé yẹn
láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkarùn-ún wà lórí ibùsùn lọ́dọ̀ wa,
ojú rẹ̀ jìn wọnú bí ojú ẹja ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo ilé: kànga nìyí, ṣáláńgá nìyẹn,
ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló wà láàárín wọn, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.
Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Mùfútáù tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa wí pé:
"Má méfò orúkọ ẹnikẹ́ni.
Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Mo tẹ́ ẹní fún ọ nínú àwo pẹlẹbẹ,
lórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ àná.
Iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Ìwọ sì nìyí, ọlọ́lá
tí kì í dàgbà bí kò bá rí ooru bí ooru ara ènìyàn.
Mo dì ọ́ sínú páálí, mo dì í lẹ́ẹ̀mẹta,
mo gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Wásílátù onídìyẹ,
tí sólà ń gbé ẹ̀rọ ìpamọ rẹ̀.
"Kí ló wà níbẹ̀?" Mo ní, "Àlejò."
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹyin lo sùn mọ́jú.

Ilẹ̀ mọ́, o ti di ìlú,
o pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú àgbálùmọ̀.

Mo bu díẹ̀ nínú rẹ, mo fi iná yan án mọ́ gíláàsì,
mo pa ọ́ láró àlùkò, mo da áyódíìnì lé e,
mo fi ọtí ṣàn ọ́.
Àwọn ìbátan rẹ kan wà
tí ọtí kò lè bọ́ ẹ̀wù aró lára wọn.
Ìwọ kọ́. Wéré lo bọ́ tìrẹ sílẹ̀,
o wá dúró kí n fi osùn pupa kùn ọ́, bí ọmọ tuntun.
Nínú maikirosikóòpù ẹ dùbúlẹ̀ káàkiri
bí ọ̀pá ìtukọ̀ tí ìjì tú ká.

Níbi ìkómọ, oyin là ń fi tọ́ ọmọ lẹ́nu.
Mo fún ọ ní ṣúgà inú wàrà:
o jẹ ẹ́, o yó, o sì só.
Mo fún ọ ní sítíréètì: o kọ̀ ọ́.
Mo kán oògùn sínú túùbù kẹta,
òrùka pupa yọ lọ́rùn omi.
Mo ní, ó tó. Mo mọ̀ ọ́.

Ẹṣẹríkíà kólì, ọmọ ìfun,
agbénú-ẹni-má-sanwó-ilé!
Nínú èmi gan-an lo wà, a kì í jà.
Ìwọ kọ́ lo ṣìlé. Àwa la lànà fún ọ
láti ṣáláńgá dé ẹnu ọmọ ọlọ́mọ.
Ọ̀gá Mùfútáù yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Ó lè má jẹ́ òun ló ń ṣe wọ́n.
Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni. Ó ti jẹ́rìí."

Mo mú ìwé lọ bá Ìyá Ṣàbìtíyù.
Ó yí i sókè, ó yí i sódò:
"Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń mu omi yìí.
Orúkọ lo wá sọ ọ́?"
Síbẹ̀ ó fa páànù bo kànga, ó gbé òkúta lé e.

Mo gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́.
Páànù wà níbẹ̀. Òkúta wà níbẹ̀.
Okùn garawa ṣì tutù.
Mo tọwọ́ bọ àpò, mo yọ ìgò mìíràn.