Ṣé

Ìbéèrè ni mo bèèrè, ẹ gbọ́ mi yé.
Alẹ́ Ọjọ́rú ni, wọ́n ti mú iná lọ,
Àjàmú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sáré lọ ẹ̀yìnkùlé, ó ń sáré bọ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò ní ikùn.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sórí Wásáàpù agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Àfọ̀n:
"Ṣé omi ẹ̀rọ Ìyá Oyèlọ́wọ̀ ló da inú ọmọ yìí rú?"
Mo da fóònù dojú bolẹ̀, mo sùn.

Ọ̀rọ̀ ò sùn ní tiẹ̀.
Kó tó dé Tákíè, "ṣé" ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀
bí eyín ọmọdé,
kò sì sẹ́ni tó jù ú sórí òrùlé.
Ní Apáké, ọmọ kan ti di mẹ́ta.
Ní Arówómọlé, obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí
fi ohùn ránṣẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
ó ní ojú òun ni wọ́n ṣe gbẹ́ ilẹ̀.
Ẹnìkan lẹ àwòrán omi pupa mọ́ ọn,
ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Ta ló rí ọkọ̀ ojú omi l'Ógbómọ̀ṣọ́ rí?
Ẹlòmíràn fi kún un: "Bí o bá fẹ́ràn ìyá rẹ,
fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá."
Ta ni kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀?

Àárọ̀ Ẹtì, àbúrò mi pè mí láti Kánádà:
"Mo ti fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún omi àdúgbò yín."
Mo kà á. Àyà mi já.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, mo da omi inú wọn sí gọ́tà.
N ò dá ọmọ àtàǹpàkò mi mọ̀.

Màngòrò àìpọ́n ni Àjàmú jẹ, òun àti iyọ̀,
méje, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ ní Sátidé.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Kì í ṣe omi náà o."
Ẹni méjì ló kà á.
Ọ̀kan fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Mo lọ pọnmi lọ́jọ́ Àìkú.
Ike tí wọ́n máa ń tò dé ojú títì, kò sí ẹyọ kan.
Ìyá Oyèlọ́wọ̀ jókòó lórí korobá tó dojú dé,
ó dìde, ó pọn ún kún fún mi, kò gbowó.
"Ìwọ nìkan lo wá láti ọjọ́ mẹ́ta," ló wí.
"Ìwọ tí o mọ fóònù tẹ̀, bá mi wò ó,
ta ló sọ ọ́?"
Omi ń kán láti ìdí kẹ́ẹ̀gì sí mi lẹ́sẹ̀.
Mo ní, "Wọ́n ṣáà ń sọ ọ́ ni, Màmá."