Ìwé Dé Lórúkọ Bàbá Mi

Ìjọba kọ ìwé sí bàbá mi.
Ọlọ́kadà kan ló fi há ẹnu ilẹ̀kùn wa ní Ayétòrò, ní Ẹ̀pẹ́,
tòun ti òǹtẹ̀, tòun ti nọ́ńbà tó gùn bí ọ̀wọ́ ẹja yíyan:
"Sí Alàgbà Bùsàrí Ọláìítán.
Owó orí ilé ti ọdún yìí. Ẹ san án kí oṣù tó kú."
Oṣù ni wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò kú.
Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Bùsàrí ti kú.

Mo ka iye rẹ̀, mo nu awò ojú mi, mo tún un kà.
Wọ́n ní ilé náà ní yàrá mẹ́sàn-án.
Mẹ́fà ni.
Mẹ́ta yòókù wà lẹ́nu bàbá mi,
nígbà tó ń yangàn fún àwọn àna rẹ̀
pé òun yóò fa ilé náà dé etí ọ̀sà.
Àṣé ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Àṣé àlá náà ń jẹ owó orí.

Mo pe àwọn ọmọ ìyá mi.
Sikírù ní kí n tún pe òun, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.
Wúràọlá fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ránṣẹ́ láti Kánádà.
Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ogún, "ilé wa" ni.
Bí ó bá di ọ̀rọ̀ gbèsè, "ilé tí ò ń gbé" ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mutiátù tó ń ta inṣọ́ránsì kàn mí lára,
bàtà rẹ̀ pọ́n fún erùpẹ̀ Òkè-Balógun.
Ó mu omi tán, ó ní, "Mọ́mì, èló ni ilé yìí?"
Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo wo ògiri ilé ìdáná,
níbi tí ìyá wa ti ń fi èédú sàmì gíga wa ní gbogbo ọdún ìtúnu-àwẹ̀:
Sikírù, Wúrà, èmi,
àti Làmídì, tí kò ga ju ibẹ̀ yẹn lọ mọ́.
Èló ni?
Ó ní, "Búlọ́ọ̀kù àti páànù nìkan la ó ṣírò o.
Èyí tó kù, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè san án padà."
Òótọ́ yẹn ló jẹ́ kí n fún un ní omi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Aládùúgbò mi ní ẹni tó bá ń dójútòfò, òfò ló ń pè.
Apẹja tó gbé igbá ìgbọ́nmi sínú ọkọ̀,
ṣé òun ló ní kí ọkọ̀ ó jò?

Ní ti mọ́tò, ìwé tí a fi ń dí ọlọ́pàá lẹ́nu ni mo máa ń rà,
èyí tó ń tún ti ẹlòmíì ṣe
tó sì fi tìrẹ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.
Ó tó mi, títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Ìtóìkín
tí típà oníyanrìn fi ẹ̀yìn rìn wá bá Kòrólà mi
bí ẹni fẹ́ kí i.
Ìwé tiẹ̀ ti kú lóṣù mẹ́rin ṣáájú.
Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ò ra bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Èrò ọ̀nà ní kí n fi í fún Ọlọ́run.
Mo fi fún Ọlọ́run. Páńẹ́bítà ló gba owó.

Lánàá, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo ní mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án.
Akọ̀wé ní wọn yóò rán ẹni tí yóò wá kà á.
"Orúkọ ńkọ́? Ṣé ká yí i?"
Mo ní ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀ ná.
Ẹ̀rọ pọ rìsíìtì:
"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Alàgbà Bùsàrí."
Mo tò ó sínú agolo bisikíìtì rẹ̀,
sórí èyí tó san ní ṣílè, sórí èyí tó san ní náírà méje.
Kò sí ọdún kan tó fò.

Mo ti ní kí Mutiátù wá lọ́jọ́bọ̀, nítorí ilé.
Ti mọ́tò, mo ṣì ń ṣírò.
Òjò ti ṣú lápá ọ̀sà.
Ẹ jẹ́ n lọ wo páànù ẹ̀yìnkùlé.