Ìdajì Ẹ̀rín

Iyọ̀ ló kọ́ ilé wa.
Belmiro ọkọ mi ló ń wà á jọ létí ọ̀sà Aveiro:
omi òkun á wọ agbada amọ̀, oòrùn á fà á mu,
funfun á ṣẹ́ kù sílẹ̀ bí eyín ọmọdé.
Iyọ̀ ló rán Ilídio lọ síléèwé.
Iyọ̀ ló san owó òrùlé.
Ta ni yóò wá sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀
pé kí ó dín iyọ̀ kù?

Nọ́ọ̀sì Otília sọ ọ́.
Ó gun kẹ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
ó di ọ̀já mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó dákẹ́,
ó tún un fẹ́.
Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru."
Belmiro ní, "Òkun náà ń ru, kò tíì pa mí."
Ó tanná sí sìgá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn.
Kò gbóná bí ibà, kò ta bí eyín tó jẹrà.
Ọkùnrin náà ń jẹun, ó ń sùn, ó ń hanrun,
ó ń bá ajá aládùúgbò jà;
nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ń ti ògiri amọ̀
tọ̀sán-tòru.
Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí ògiri agbada ṣe ń là:
kì í ṣe ọjọ́ tó là ló bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú.
Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo wò ó.
Otília ti ní, "Bó bá ṣẹlẹ̀, aago ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè."
Ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Kò wolẹ̀. Kò mọ̀ pé ó bọ́.
Graciete, orúkọ tó ti ń pè láti ogójì ọdún,
di iṣu gbígbóná lẹ́nu rẹ̀.

Fausto aládùúgbò wa sáré dé:
"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ fún un lọ́tí díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn."
Mo ní, Fausto, pa ẹnu mọ́.
Mo ní, Belmiro, rẹ́rìn-ín sí mi.
Ìdajì ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Ìdajì kejì ń wò mí bí ilé tí onílé ti kó kúrò.
Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.
Òsì gòkè. Ọ̀tún ń rọ̀ wálẹ̀, wálẹ̀,
bí aṣọ tútù lórí okùn.
N kò fún un lọ́tí, n kò fún un lómi.
Mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn,
mo tẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo jókòó ti aago.

Rọpárọsẹ̀, a ní apá àti ẹsẹ̀ ló ń bá jà.
Irọ́ ni. Orí ló ti bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ dídì kan, bí hóró iyọ̀,
jókòó sójú ọ̀nà,
ọpọlọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń gbẹ
bí agbada tí a dí ẹnu rẹ̀ pa.

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó yọ́ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi.
"Ẹ tètè dé," ni dókítà wí.
Fausto ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń wọ́, àmọ́ ó ń rìn dé afárá, ó ń bọ̀, lójoojúmọ́.
Oògùn kan láràárọ̀. Sìgá, mo kó o fún ọ̀sà.
Ọbẹ̀ ẹja: aáyù, omi ọsàn kíkan, ewé títutù,
kò sí iyọ̀.
Lọ́jọ́ kìíní, ó ti àwo sẹ́yìn.
Lọ́jọ́ kẹwàá, ó bú mi.
Èébú náà já geere, kò ṣì í sọ.
Mo jókòó sí ìdí ààrò, mo sunkún ayọ̀.

Lónìí àwọn arìnrìn-àjò wá ra iyọ̀ wa
nínú àpò kéékèèké tí a fi rìbọ́ǹnù so.
Obìnrin kan béèrè ìwọ̀n tí òun yóò máa fi sọ́bẹ̀.
Belmiro na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń gbọ̀n.
Ó mú ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú,
ó wò ó,
ó da ìdajì rẹ̀ padà.