Pa Á Rẹ́

Ìyá ìyá mi, Nélida Barrionuevo,
tábìlì ìwé kan ló fi tọ́ wa ní Rosario,
lábẹ́ igi tipa, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Kì í ta ìwé ìfẹ́. Kì í ta ìwé oúnjẹ sísè.
"Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó ka ti ìjọba."
Ìwé òṣèlú ló kó jọ, àti ti ọrọ̀ ajé,
ìtàn ogun tí àwọn ọba fi àdéhùn parí,
ìtàn àdéhùn tí àwọn ọmọ wọn fi ogun fà ya,
àti bí orílẹ̀-èdè ṣe ń yáwó
tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò fojú kàn án ní í san án.

Èmi ni mo ń di rọ́bà mú.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, lọ́dún tí owó wa ṣàìsàn.
Láàárọ̀, á ka ìwé ìròyìn tán, á mí kanlẹ̀,
á ní, "Pa á rẹ́."
Mo pa iye àná rẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́,
ó fi pẹ́ńsù kọ tòní.
Tó bá di ọ̀sán, á tún ní, "Pa á rẹ́."
Iye ń fò bí ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó.
Ọwọ́ wa kò kúrò lára owó,
owó kò sì dúró lọ́wọ́.

Evaristo Maidana, tó fi ọgbọ̀n ọdún gé tíkẹ́ẹ̀tì lójú irin,
ìwé kan ṣoṣo ló wù ú,
aláwọ̀ ewé, tó nípọn bí bíríkì,
tó ń ṣàlàyé ohun tó ń pa owó.
Lọ́jọ́ Ajé ó ka owó ọwọ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó mú díẹ̀ náà wá,
díẹ̀ ti di púpọ̀.
Ó gba owó ìfẹ̀yìntì, ó sáré bọ̀,
arúgbó tó ń sáré nínú òtútù oṣù keje!
Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo fi rọ́bà pamọ́ sẹ́yìn.
Ìyá àgbà wò mí. Ó wò ó.
"Ìròyìn ọ̀sán ti dé, ọmọ mi. Pa á rẹ́."

Bó ṣe di pé ó ń dúró kà á nìyẹn,
orí kan lóòjọ́, fìlà lábẹ́ abíyá.
"Níbo lo kà dé?"
"Wọ́n ṣì ń di ẹ̀bi ru ara wọn."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ́ ilé ìtajà igun òpópónà,
ìyẹ̀fun bo ọ̀nà bí yìnyín tí a kò rí rí.
Ọkùnrin kan gbé òṣùwọ̀n sá lọ,
kò ní nǹkan tó fẹ́ wọ̀n.
Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì wa kọjá, wọ́n ń mí helehele,
ẹnikẹ́ni kò jí ìwé kan.
Mo rò pé ó dun ìyá àgbà.

Evaristo dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹyin mẹ́fà
tó fi ìwé ìròyìn wé,
àti òróró, ìdajì ìgò.
"Nélida, ẹyin kì í wọ́n sí i lẹ́yìn tí a bá ti sè é."
Ìyá àgbà ṣí ìwé náà.
Ibi tí iye wà ti lu:
rọ́bà mi ti jẹ bébà já.
Evaristo ti ìka bọ ihò náà,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀.
"Orí tí n kò tíì kà nìyí."

Lálẹ́ a jẹ ẹyin, èmi, ìyá mi, àti òun.
Kò jẹ tirẹ̀ tán.
Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ nǹkan sára èèpo,
ó wò ó, ó fọ́ ọ mọ́wọ́ kí n tó rí i.
Mo tọwọ́ bọ àpò láti wá rọ́bà.
Ó ti kéré ju èékánná mi lọ.