Òrùka

Nínú yàrá àyẹ̀wò l'Ákọkà, mo ṣí àwo pẹlẹbẹ.
Àwọn kòkòrò àìfojúrí ti tẹ́ pẹrẹsẹ
bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná,
àfi ibì kan:
òrùka tó mọ́ gaara
yí ẹ̀kán oje imí-eṣú ká.

Imí-eṣú! Ta ló fi orúkọ èébú yìí pè é?
Ẹ̀bá ojú irin Yábà ni mo ti já a,
níbi tí àwọn ọkùnrin ń tọ̀ sí.

Ìbídùn, ìyá ìyá mi, a máa gbo ó,
a fún oje rẹ̀ sí egbò orókún mi.
Mo ké.
Ó ní, "Egbò ló ń jẹ, kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀gá ní kí n wọn òrùka náà.
Mílímítà mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo wá ibi tí n óò kọ Ìbídùn sí nínú ìwé.
Ìlà ti tán.