Iná Kùrukùru

Òru mọ́júmọ́ Ọjọ́bọ̀, mo di àgbagbà sẹ́yìn ọkọ̀,
mo kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, Adó ni mò ń lọ.
Òṣùpá lé ténté. Títì gbẹ táútáú.
O lè ka ewé kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà.
Àwọn òkè jókòó yí mi ká bí àgbà ilé
tó ti jẹun tán tí kò tíì fẹ́ sùn.

Ní kọ́nà kẹta, ojú mẹ́rin yọ sí mi,
funfun báláú,
méjì lókè, méjì nísàlẹ̀ ní bèbè ilẹ̀.
Háílọ́ọ̀sì ni.
Títì pòórá. Ọwọ́ mi pòórá lórí ìtọ́kọ̀.
Mo fi etí wakọ̀, mo fi àdúrà ìyá mi wakọ̀,
mo ń fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì
bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn.
Ó kọjá, fìàà!
Ó ku àwọ̀ osùn kan tó ń jó nínú ìpéǹpéjú mi.

Kùrukùru dà?
Mo bi afẹ́fẹ́ léèrè: kùrukùru dà?
Torí èmi Fásuyì mọ kùrukùru.
Ìdájí oṣù Kẹjọ, tó bá ti orí òkè sọ̀kalẹ̀,
tó jókòó sáàárín títì bí màlúù tí kò lólúwa,
tí n kò rí imú ọkọ̀ ara mi,
ìgbà náà ni mò ń tan iná ìsàlẹ̀ yẹn,
tí mò ń rọra wọ́ bí ìgbín.
Ẹ̀wù òtútù ni iná yẹn.
Ta ní ń wọ ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn,
tó tún ń fi bọ́tìnì rẹ̀ gún ẹlòmíràn lójú?

Mo ṣépè díẹ̀, n kò ní purọ́.
Mo ní kí bátìrì rẹ̀ kú sójúde àna rẹ̀.
Òmíràn dé, òmíràn tẹ̀lé e,
gbogbo wọn ń ṣẹ́ iná sí mi, pàrà, pàrà.
Mo ní àwọn ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Mo dúró ní Àrámọkọ, kí n bu omi sí rédíétọ̀.
Bámitálẹ̀ tó ń lẹ táyà fi fìlà bojú:
“Pa uná rẹ, Fásuyì! Ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni?”
Mo ní iná wo? Iná kékeré ni mo tàn.
Kò fèsì. Ó lọ fi ọwọ́ tẹ ìdí ọkọ̀ mi wò:
ìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀,
imú rẹ̀ gbé sókè bí imú olówó tuntun,
iná mi ń wo orí ọ̀pẹ,
ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń bọ̀.

Láti Ẹ̀fọ̀n. Láti Ẹ̀fọ̀n wá!
Àṣé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ mí.

N kò tíì dárí ji Háílọ́ọ̀sì.
Ojú mẹ́rin pọ̀ jù fún òru òṣùpá.
Ṣùgbọ́n a já ìtì méjìlá sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù,
Bámitálẹ̀ fi sùkùrúdíráfà yí ojú iná mi wálẹ̀,
bí ìyá ṣe ń tẹ orí ọmọ ba kó lè kí àgbà.
Títí mo fi dé Ìgèdè, n kò pàdé ọkọ̀ kankan.
Títì nìkan ni mo rí,
àti òkété kan tó dúró, tó wò mí,
tó sì kọjá láì ṣẹ́jú.