Ìka Mẹ́wàá

Aago méje òwúrọ̀, Ìkẹjà.
Ṣówándé na ọwọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń tan iná tútù.
Ẹ̀rọ dákẹ́.
“Ẹ tún un tẹ̀, sà.”
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún un tẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń jó irin pọ̀ l'Ébùté-Mẹ́ta;
iṣẹ́ náà ni Kánádà torí ẹ̀ fún un ní máàkì,
iṣẹ́ náà ló jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán.

Ìwé-ẹ̀rí wà. Owó báńkì wà,
gbèsè ni ìlàjì rẹ̀.
Ọmọbìnrin náà bu ìpara sí i lọ́wọ́,
ó ń rọra fi pa á bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun.

Àtàǹpàkò nìkan ló jẹ́ ìpè.

Lálẹ́, iná ti lọ,
ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ náà mú,
kò bèèrè ta ló ni ín.